Ohun Tó Dá Tẹjúmọ́lá Lójú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé ìyàwó mi, inú ló bí mi. Èmi Lazarus, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ajẹ́ǹtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, mo kó táìlì wá sí sítọ́ọ̀ kan ní Warehouse Road. Ọ̀sán ti pọ́n, ebi ń pa mí, dírẹ́bà tírélà ò jẹ́ kí n sinmi. Mo na ìwé sí akọ̀wé sítọ́ọ̀, mo ní kó bá mi fọwọ́ sí i kí n máa lọ.

Ọmọbìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Brọ̀dá, ẹ jókòó ná. Mi ò kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá dá mi lójú."

Páálí ẹgbẹ̀ta ló kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó sórí táyà nínú oòrùn, tí mo ń bú u nínú ikùn mi. Nígbà tó parí, mẹ́rin dín. Ó ní kí dírẹ́bà ṣí ẹ̀yìn àga rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ká ní ó gbọ́ tèmi ni, wọn ì bá pe èmi àti òun lólè. Ó ní, "Ó pé," ó wá fọwọ́ sí i.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé mo ti rí ìyàwó.

Àmọ́ ìyàwó ò tíì rí mi. Oṣù mẹ́jọ ni Tẹjúmọ́lá fi wádìí mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àdúgbò, kódà ó bi ìyá mi bóyá mo máa ń hanrun. Ọjọ́ tó gbà, ó kàn di ọwọ́ mi mú. "Lazarus," ó ní, "o dá mi lójú." Títí di òní, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn létí mi tó ìyẹn.

Ìyá mi, Josephine, ló ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọbí mi nílé agbẹ̀bí kan. Mi ò ké, wọ́n ti fẹ́ fi aṣọ wé mi bí òkú kí n tó sín. Bí mo ṣe di Lazarus nìyẹn. "Mo bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù," ló máa ń wí, "ọ̀bẹ ò kàn mí." Àwọn obìnrin Hébérù inú Bíbélì kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ìyá mi jiyàn? Nígbà tí Tẹ́jú lóyún, ó kéde níwájú ẹgbẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa la ìyàwó ọmọ òun nínú. Gbogbo wọn ṣàmín.

Tẹ́jú náà ṣàmín. Lẹ́yìn náà ló lọ ra ìwé kékeré kan.

Inú ìwé yẹn ló ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sí kó tó lọ sí kílíníkì aláboyún. Nọ́ọ̀sì Oluchi tó ń kọ́ wọn kọ́kọ́ rò pé ó lágídí ni. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fáwọn tó kù pé kí wọ́n gbọ́ ohun tí Tẹ́jú ń béèrè. Ó fẹ́ mọ ìrora tó jẹ́ ìrọbí tòótọ́ àti èyí tí kì í ṣe é. Ó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ìgbà tí iṣẹ́ abẹ máa ń pọn dandan. Bá a bá jẹun tán, á máa kà á fún mi, èmi á máa fi òróró ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. A wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. A wá ọ̀nà tá a máa gbà bí tírélà bá dí Liverpool Road.

"Olówó orí mi, ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Bí ìrora bá dé, ẹ má sọ mí di ẹrù. Èmi fúnra mi ni kí wọ́n bi léèrè."

Mo ṣèlérí. Ìlérí kì í wúwo lẹ́nu.

Àárọ̀ Sátidé ni ìrọbí mú un, èmi àti ìyá mi gbé e lọ sọ́síbítù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ ti ṣí ju ìdajì lọ, ó wá dúró síbẹ̀. Dókítà Sylvester ní ó lè di iṣẹ́ abẹ. Tẹ́jú béèrè bí ọmọ ṣe wà, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ó béèrè bóyá àwọn ṣì lè dúró. Dókítà ní wákàtí méjì, àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó mi rìn, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé mi láyà, èmi ń fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì Oluchi ṣe kọ́ wa.

Wákàtí méjì ò tíì pé tí ọkàn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi sáré bá mi pẹ̀lú ìwé. "Ọ̀gá, ẹ sign síbí, a ti fẹ́ gbé e wọlé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọkọ ló ń fọwọ́ sí i. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Lazarus, no sign am. Jẹ́ ká gbàdúrà."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Apá kan ọkàn mi ní kí n fọwọ́ sí i kíá, apá kejì ní kí n fà á ya. Ìgbà yẹn ni mo rántí táyà tí mo jókòó lé nínú oòrùn.

"Màmá, ẹ má bínú," mo ní. "Ara tèmi kọ́. Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí nǹkan."

Mo gbé ìwé náà wọlé, ìyá mi tẹ̀ lé mi. Òógùn ti bo Tẹ́jú, síbẹ̀ ó gba ìwé, ó kà á. Ó béèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é. Ó béèrè bóyá òun á wà lójúfò, wọ́n ní láti ìbàdí sísàlẹ̀ nìkan ló máa kú tipiri. Bí ìrora bá dé, á gbé ìka kan sókè, dókítà á dákẹ́, á dúró dè é. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ó yíjú sí ìyá mi. "Màmá, mo ti sa gbogbo ipá mi, mà. Ọmọ-ọmọ yín ló ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ó dá mi lójú."

Orí ìlà gan-an ló fọwọ́ sí. Àwọn kan ń fi mọ́tò yangàn, àwọn kan ń fi ilé. Ìfọwọ́sí yẹn lèmi fi ń yangàn.

Ìyá mi fi ìborùn rẹ̀ nu ojú ìyàwó mi. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi rọbí ẹ," ó ní, "kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi lọ sọ́síbítù. Wọ́n ní kí n dákẹ́."

Mo ti gbọ́ ìtàn ìbí mi títí ó ti sú mi, mi ò gbọ́ ibẹ̀ yẹn rí. Mo gbá ìyá mi mọ́ra. Ibẹ̀ la wà tá a fi gbọ́ tí ọmọ ké, igbe ńlá tó kún gbogbo kọ́rídọ̀, ìyá mi sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó ń dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé, Nọ́ọ̀sì Oluchi gbé ọmọbìnrin wa lé ìyá rẹ̀ láyà, ó na ìwé sí i pé kó fọwọ́ sí i pé òun ti gba ọmọ òun. Tẹ́jú ò gba bírò. Ó tú aṣọ ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí tẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí.

"Ẹ jókòó ná," mo ní. "Ó máa ń pẹ́ díẹ̀."

Ìyá mi ti ń bá a kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìka tó kẹ́yìn, ìyàwó mi gbójú sókè sí mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ó pé," ó ní, ó wá na ọwọ́ gba bírò.