Gààrí Nínú Àwo Họ́láńdì

Pẹpẹ ṣófo. Adétutù, ọmọbìnrin tó ń mọ àwo l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, káwọ́ lérí, ó figbe ta. Àwo mẹ́fà tó fẹ́ fi ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti pòórá. Àwo búlúù ilẹ̀ Họ́láńdì ló wò kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó ti sọ ọ́ di tiwa: ọlọ́kadà ló yà sí i, tó so túlíìpù, òdòdó ilẹ̀ wọn, ràgàjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Èyí tó dùn ún jù ni pé wọn ò tíì wọ iná kejì. Ọ̀dà ara wọn ò tíì mú, omi lásán lè ṣí i.

Ọlọ́kadà kan ní ìkóríta ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkùnrin kan tó gbá páálí mọ́ra lọ sí Àtìkòrí, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Adétutù fò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yà ní tésàn, wọ́n gbé Sájẹ́ǹtì Qowiyyu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá há mọ́ra lórí ọ̀kadà.

Gabriel olè ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sí pálọ̀ Alhaja Hasanat ní Àtìkòrí, oníṣòwò tó fẹ́ràn nǹkan òyìnbó bí ojú.

"Ọba Họ́láńdì àtijọ́ ló ń jẹun nínú ẹ̀," ó búra.

Alhaja gbé dígí wọjú. "Ọ̀kadà kọ́ nìyí?"

"Ọ̀dọ̀ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, Alhaja."

"Kò burú."

Alhaja kì í ra àwo láìfi gààrí dán an wò, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó da gààrí sí i, ó bomi tútù sí i, ó gbé e síwájú àlejò. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu ún."

Ebi kúkú ń pa Gabriel. Ó mu ún dé ìdí.

Bí Adétutù àti Sájẹ́ǹtì ṣe já wọlé nìyẹn.

"Ìwọ lo jí àwo?" Sájẹ́ǹtì bi Gabriel.

"Àwo wo? Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi!"

Adétutù rí gààrí tó kù nídìí àwo. "Yọ ahọ́n ẹ."

Ahọ́n yọ, búlúù. Ètè, eyín àti irùngbọ̀n, gbogbo ẹ̀ ló di búlúù.

"Túlíìpù mi nìyẹn!" Adétutù ń nàka sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rù ba Gabriel. "Ojú fèrèsé ni mo gbà wọlé, èmi ni mo jí i! Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ṣé ọ̀dà yìí ò ní pa mí?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mu ún rí."

Sájẹ́ǹtì fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Adétutù ṣí páálí, ó rí àwo márùn-ún tó kù, gbogbo wọn pé, ó sì sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, àwo márùn-ún ń dán gbinrin. Ẹ̀kẹfà wà láàárín wọn, òdòdó ti ṣí kúrò lára ẹ̀, gààrí ti gbẹ mọ́ ọn. Iwájú ẹ̀ ni Alhaja dúró sí.

"Èyí ni kí o dì fún mi," ó ní. "Èmi mọ ibi tó ti wá."