Owó Ẹ̀yìn Funfun

Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta ìwé ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni Lùkúmọ́nù ti kọ́kọ́ bá Rosalie pàdé. Ó ra ìwé ọkọ̀ sí Parakou, Rosalie sì fún un ní ṣéńjì, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò kúrò lójú fèrèsé. Ó ń gbé owó bébà náà sókè sí oòrùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ayédèrú ni mo fún yín ni?" Rosalie bi í, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ má bínú. Owó tó yàtọ̀ ni mò ń wá. Bóyá nọ́ńbà rẹ̀ jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá ẹ̀rọ ló ṣì í tẹ̀. Wọ́n wà láàárín èyí tí à ń ná, a kì í wò wọ́n ni."

"Kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

"Mò ń tọ́jú wọn. Àwọn kan ń sin ẹyẹlé, àbí?"

Rosalie rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Lùkúmọ́nù àti ìyá rẹ̀, Sakinatou, ń ta àwo tánganran lọ́jà. Mùsùlùmí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní òdìkejì ààlà, ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé Ṣábẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, Lùkúmọ́nù á yọjú sí ibùdókọ̀. Rosalie á ti yọ èyí tó ṣàjèjì nínú owó sọ́tọ̀, á sì fi tirẹ̀ dípò. Wọ́n á jọ tẹrí ba sí i. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Ilé méjèèjì kọ̀. Ìlọ̀rí, bàbá Rosalie, wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba sójà gbé kalẹ̀ nílùú. Òun ló wá iṣẹ́ ibùdókọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àlejò ni wọ́n. Bí ìjọba bá lé wọn lọ́la, ṣé ìwọ náà á di ẹrù lé orí?" Sakinatou ní tirẹ̀ ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní dáná nílé òun.

Lọ́jọ́ kan, Rosalie rí owó kan tí ojú rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, wọn kò tẹ nǹkan kan sí i. Ó gbé e fún Lùkúmọ́nù. Ọmọkùnrin náà gbé e sókè sí oòrùn.

"Rosalie mi, irú èyí ni mo ti ń wá láti kékeré."

Àṣé wàhálà ni wọ́n gbé dání. Láìpẹ́, ayédèrú owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà. Àwọn jàǹdáámù, ìyẹn sójà tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ń tú ilé àwọn oníṣòwò, ti àwọn àlejò ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí àpótí Lùkúmọ́nù, wọ́n bá owó ẹ̀yìn funfun náà níbẹ̀.

"O ò tíì tẹ èyí tán nìyẹn!" ọ̀gá wọn pariwo. "Taa ló fún ọ?"

Lùkúmọ́nù wolẹ̀. "Mo rí i he lójú ọ̀nà ni."

Wọ́n gbá a létí, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Nígbà tí Rosalie gbọ́, ó ní òun á lọ jẹ́wọ́ pé òun lòun fún un lówó náà. Bàbá rẹ̀ fà á wọ yàrá. "Kò dárúkọ rẹ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí o sì panu mọ́! Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé pẹ̀lú rẹ̀."

"Bàbá, nítorí pé kò dárúkọ mi ni mo ṣe ń lọ."

Ó kọjá lára bàbá rẹ̀, ó gba ọ̀nà àgọ́ àwọn jàǹdáámù lọ. Ẹ̀rù ń bà á.

"Èmi ni mo fún un," ó sọ fún ọ̀gá náà. "Inú owó ibùdókọ̀ ló ti wá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì ní Kùtọnù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́nu géètì àgọ́ náà, níbi tí Sakinatou ń gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀.  Ìyá náà kàn ń wò ó bí ẹni ń wo iná tó jó ilé rẹ̀.

Èsì Kùtọnù dé nígbà tí òjò ti ń wọlé: owó gidi ni, ẹ̀rọ ló fo ẹ̀yìn rẹ̀. Báńkì mú un sọ́dọ̀. Wọ́n tú Lùkúmọ́nù sílẹ̀.

Bó ti ń jáde bọ̀, ó ti rù kan egungun. Rosalie sáré lọ pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìlọ̀rí ti dúró sáàárín wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Lùkúmọ́nù dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò dárúkọ ọmọ mi?"

"Ó máa ń sọ fún mi pé orí yín ń wú tí ẹ bá rí i lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá."

Ìlọ̀rí sún mọ́ ọn. "Èmi ni mo ní kí ó fi ọ́ síbẹ̀ kí o jìyà. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, bóyá ohun tí n bá sọ nìyẹn."

Ìlọ̀rí bẹ̀rẹ̀, ó di apá ọmọkùnrin náà mú, ó gbé e dìde. Ó wá yíjú sí Sakinatou tó dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyá Lùkúmọ́nù," ó ní, "ọjọ́ wo lẹ fẹ́ wá tọrọ ọmọ mi?"

Sakinatou wo Rosalie títí. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi nu omijé kúrò lójú ọmọbìnrin náà.

"Bó bá di ọ̀la," ó ní, "ó ti pẹ́ jù."