Ọmọ Ẹgbẹ́ Keje ní Etí Omi Bàrígà

Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa pé ọmọ ẹgbẹ́ kan kò lè wá, ṣùgbọ́n ó tọrọ gáfárà. Omi ọ̀sà ti gbé ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí a tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń ṣí i nígbà mìíràn láti fi dán ara mi wò, bóyá ohun tí mo rántí ni ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, tàbí ohun tí ìbànújẹ́ ẹlòmíràn kọ́ mi láti rántí. N kò tíì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọdún 1955 ni ọ̀rọ̀ náà. Àwa mẹ́fà láti Ṣómólú àti Bàrígà ń kàwé ní yunifásítì ní Ìbàdàn, a sì wá sílé fún ìsinmi gígùn. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní ẹgbẹ́ dà bí ẹni tí kò ní ará ilé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ní tiwọn, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ní tiwọn, àwọn tí ó fẹ́ràn iyàn jíjà náà ní tiwọn. Àwa náà fẹ́ ẹgbẹ́ tí yóò máa jẹ́ orúkọ àdúgbò wa, tí yóò sì máa kọ́ àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò láàárín ìsinmi. Ṣùgbọ́n òfin ilé ẹ̀kọ́ wí pé ẹgbẹ́ tí kò bá pé ènìyàn méje, wọn kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jí ọmọ Yábàá kan gbé," ni Sùrájù wí. Ọmọ aránṣọ ní Ṣómólú ni, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ká ní ìyá ìyá ẹ̀ máa ń ra ẹja ní Bàrígà."

Adéjìmí, tí a fi ṣe alága nítorí pé òun ni ohùn rẹ̀ wúwo jù, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A ti pé méje tẹ́lẹ̀."

Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tí ó ń wí. Kọ́ládé Ikúmápàyí, ọmọ Ìlàjẹ bíi ti Adéjìmí fúnra rẹ̀, ni ó bá wa wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan náà. Sáà kan ṣoṣo ni ó lò. Nígbà tí ó wá sílé fún Kérésìmesì, ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ lọ wo àwọ̀n, ọkọ̀ dojú dé, àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan ni ó sì padà. A kò rí òkú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí Ìbàdàn pé ó kú, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba àyè.

Nígbà tí a dé ilé onípákó Ìyá Kọ́ládé ní etí omi láti bẹ̀ ẹ́, a kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ó fi gbà. Opó ni, ẹja yíyan ni ó ń tà, Kọ́ládé nìkan ni ó sì bí. "Ẹ kọ orúkọ ẹ̀," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì máa ṣèpàdé yín nínú pálọ̀ mi. Ilé ọmọ ẹgbẹ́ yín ni." Ó nu bẹ́ńṣì méjèèjì fúnra rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe pé méje.

Èmi àti Adéjìmí ni a kọ òfin ẹgbẹ́. A fẹ́ kí ó le, kí ó sì dùn ún gbọ́. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọ̀wé yóò pe orúkọ ẹni tí kò bá dáhùn ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó kọ ọ́ pé kò wá, àti pé ẹni tí ó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ láìtọrọ gáfárà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Ọ̀dọ́ ni wá. Òfin tí a kọ sórí bébà, a rò pé orí bébà ni yóò dúró sí.

Ìpàdé àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Oòrùn ń gba àárín àwọn pákó wọlé, òórùn ẹja yíyan sì ń ti ẹ̀yìnkùlé wá. Mo pe orúkọ, àwọn márùn-ún dáhùn pé "Prẹ́sẹ́ǹtì," mo sì dáhùn fún ara mi. Mo pe Kọ́ládé Ikúmápàyí lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi rẹlẹ̀ láìjẹ́ pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ̀ dáhùn pé, "Ó ní kẹ́ ẹ má bínú."

Kò sí ẹni tí ó wo ojú ẹnìkejì. Mo kọ ọ́ pé: Kò wá, ó tọrọ gáfárà. Àánú ni mo fi kọ ọ́.

Ní ìpàdé kejì, Sùrájù gbìyànjú láti mú wa lára yá. "Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀kan péré lo pe èmi. Àbí èmi ò lẹ́ni lẹ́yìn ni?" A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe Kọ́ládé. Ní ìpè kẹta, mo gbé ojú sókè láti inú ìwé, mo sì rí i pé Rebecca, Oyèbísí àti Ràsákì, mẹ́ta nínú àwa mẹ́fà, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ti súnra pọ̀. Àyè ẹnì kan ṣófo ní ìparí bẹ́ńṣì náà. N kò rí ìgbà tí wọ́n sún. Nígbà tí mo bi Rebecca lẹ́yìn ìpàdé, ó ronú díẹ̀. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó ń kà, kì í sọ ohun tí kò bá tíì wọ̀n wò.

"Mo rò pé ẹnì kan ló ní kí n sún," ó ní.

Lọ́jọ́ náà, ìyá náà tún wí pé kí a má bínú. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé kẹta, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, èérú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi kún un: "Ó lẹ́sẹ̀ ń ro òun. Ó lóun ti dúró pẹ́."

Rebecca sọ gègé rẹ̀ kalẹ̀. "Mà, ta ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni. Gbogbo Sọ́ńdè tẹ́ ẹ bá ti pè é ló ń wá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló máa ń dúró sí." Ó fi ẹnu júwe ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí omi. "Kì í wọlé. Bó bá fi máa di Túsìdeè, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́, títí Sọ́ńdè á fi tún dé."

Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, bí ìyá tí ń ròyìn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rín náà ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Bí mo ti ń lọ sílé, Bàbá Lazarus dá mi dúró lẹ́bàá àwọn àwọ̀n tí ó sá sóòrùn. Òun ni àbúrò bàbá Kọ́ládé, ẹni tí omi dá padà. Kò dúró gba ìkíni mi.

"Ìwọ ni akọ̀wé tó ń pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta?"

"Òfin ẹgbẹ́ wa ni, sà."

Ó mi orí. "Ọ̀sán gangan ni mo máa ń rí i láti inú ọkọ̀. Á dúró sẹ́yìn ilé yẹn, omi á mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ti Ìbàdàn bọ̀. Bí mo bá ké sí i, kì í wò mí. Ṣùgbọ́n bí ohùn tìẹ bá ti dún nínú ilé, á gbórí sókè, á yíjú sílé. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, á tún yíjú sómi. Kò wọlé, kò lọ." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé, ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ló máa dé?"

Mo bi í pé kí ni ẹbí fẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀sà, kí àlùfáà gbàdúrà ìdágbére, kí ọmọ náà lè sinmi. Ìyá rẹ̀ ni kò gbà.

"Bí mo bá ti bá a sọ ọ́, ìwé ẹ ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ní òkú kì í ṣẹgbẹ́. Ó ní àwọn ọmọ yunifásítì kọ ọ́ sílẹ̀ pó tọrọ gáfárà, pé báwo lẹni tó kú á ṣe máa tọrọ gáfárà?"

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá ara mi jiyàn. Mo wí pé ìtànṣán oòrùn lórí omi a máa tan ojú àgbà jẹ, pé ìyá tí ń ṣọ̀fọ̀ lè gbọ́ ohùn tí ó bá fẹ́ gbọ́, pé ọkùnrin tí omi dá òun nìkan padà ní ìdí láti máa rí ẹni tí kò padà. Àlàyé náà dára. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ni ó kọ gáfárà náà. Bí òkú kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé mi ni ó sì dì mú. Mo kọ àbá kan pé kí a yọ orúkọ Kọ́ládé.

"O mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn?" ni Adéjìmí bi mí.

"Mo mọ̀."

"Ìbò ìkọ̀kọ̀ la máa dì o. Mi ò lè nawọ́ sókè lójú màmá yẹn."

Sọ́ńdè tí ó gbẹ̀yìn ìsinmi ni. Mo pe orúkọ, nítorí alága ní òfin ni òfin. Mo pe Kọ́ládé lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò tọrọ gáfárà fún un. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí mo ti ń ka àbá mi.

"Ẹ fẹ́ lé e?" ó bèèrè, jẹ́jẹ́.

"Rárá o, mà. A fẹ́ kó sinmi ni."

"Ó sọ fún yín pó fẹ́ sinmi?"

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé bébà kan sí mẹ́fà, mo sì pín in. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ó kàn mí láti kọ tèmi, mo wo obìnrin náà. Ó ń fi àtàǹpàkò nu èérú kúrò lára ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ tí ó ń tún ara ṣe. Èmi tí mo mú àbá wá, mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò pé àwọn yòókù yóò ṣe ohun tí ó yẹ.

A kó àwọn bébà náà sínú akẹtẹ̀ Rebecca. Adéjìmí ń ṣí wọn, ó ń kà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ó tó ka ẹ̀kẹfà, a ti ń wo ilẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wa ṣe. Olúkúlùkù ti fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ de ẹnìkejì rẹ̀.

Adéjìmí gbé akẹtẹ̀ náà láti dá a padà fún Rebecca. Ó dúró. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì mú bébà kan jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó kà.

"Ta ló dìbò lẹ́ẹ̀mejì?" Sùrájù ti dìde dúró. "Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ dákun."

Mo to bébà mẹ́fà àkọ́kọ́ pọ̀ lórí tábìlì. Wọ́n bára mu, wọ́n di odindi, ìlà kan kò yẹ̀. Èkeje kò ní ibi tí ó lè wọ̀.

"Ẹ gbé e wá," ni Ìyá Kọ́ládé wí.

Kò mọ̀wé. Ó fi ìka tọ ipa yíǹkì náà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́," ó ní. "Tíṣà nà án nà án, kò fi sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe fẹ̀yìn tì, bí ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Kí ló kọ?"

Ó ti gbọ́ nígbà tí alága kà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a sọ ọ́ fún òun. Mo ní, "Ó kọ bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Adéjìmí tẹ ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mẹ́fà ju ẹyọ kan lọ, mà. Bó bá ṣe ti òfin ni, orúkọ ẹ̀ ò kúrò." Mo gbà pé ó fẹ́ tù ú nínú ni.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní. "Ẹ ò fẹ́ kí n sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi í, ó sì ti dáhùn. Láti ọjọ́ tó ti ń wá, èmi ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́lárìnwá akọ̀wé, mú gègé ẹ wá."

Ó ní kí n di ọwọ́ òun mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, èéfín ń run lára rẹ̀. Àwa méjèèjì ni a jọ fa ìlà náà gba àárín orúkọ Kọ́ládé kọjá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí omi, ó sì pè é, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kọ́ládé. Máa lọ. Mo ti gbọ́."

Omi dákẹ́ rọ́rọ́ nínú oòrùn. N kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá náà dúró síbẹ̀, orí rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tí ń fi ojú sin ẹni tí ń rìn lọ, títí ó fi dà bí pé ẹni náà ti dé ibi tí ojú kò lè tó mọ́. Nígbà náà ni ó ní kí Adéjìmí lọ pe Bàbá Lazarus wá.

Ní ọjọ́ kejì, ẹbí gbé aṣọ Kọ́ládé lọ sí ojú ọ̀sà. Àwa mẹ́fà padà sí Ìbàdàn láìní ẹgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ronú lórí ẹni tí ó lè kọ bébà keje náà. Mo ti fura sí gbogbo wa, títí kan èmi fúnra mi, n kò sì wádìí rẹ̀ mọ́. Bébà keje kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Mẹ́fà yòókù ni, nítorí àwa tí a fẹ́ràn Kọ́ládé ni a kọ wọ́n, tèmi sì wà nínú wọn.