Ẹni Tí Kékeré Ń Pè

Ohùn ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ojú ara wọn.

Ilẹ̀kùn yàrá oògùn ló há mọ́ Nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ sì kán sínú ihò rẹ̀. Wọ́n bá sáré pe káfíńtà tó ń tún bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ṣe lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ṣé kò sí?" Káfíńtà béèrè láti ìta.

"Ó wà o," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ooru ló wà."

"Ẹ ṣe sùúrù. Mò ń bẹ ilẹ̀kùn yìí, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni."

"Bóyá ẹ ò mọ ẹ̀bẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé òòlù sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òógùn ti bo ojú obìnrin náà, èérún pákó sì ti bo irun ọkùnrin náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó dúró yí wọn ká kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn yẹn tún bàjẹ́ léraléra lẹ́yìn náà. Mátírọ́ọ̀nù tiẹ̀ béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí Nọ́ọ̀sì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló máa ń bàjẹ́. Kó tó di pé ọdún yípo, wọ́n ti di tọkọtaya.

Ìfẹ́ wọn wu èèyàn. "Adúmáradán mi" ni Káfíńtà ń pe ìyàwó rẹ̀, kódà níwájú àwọn oníbàárà. Nọ́ọ̀sì náà á dé láti ibi iṣẹ́, á gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kọjá, á jókòó lórí pákó tí wọn ò tíì fá, á máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àmọ́ ọmọ kò dé. Oyún á dúró díẹ̀, á tún wálẹ̀. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn fẹ́ gba ẹ̀mí Nọ́ọ̀sì, dókítà pe ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n má dán an wò mọ́.

Ìyá Káfíńtà, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan báyìí, wá bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé bó o ṣe máa gbó lọ nìyí?"

"Màmá, èmi àtìyàwó mi la jọ máa gbó."

Nọ́ọ̀sì ló dá a lábàá pé kí wọ́n gba ọmọ tọ́. Ó ti gbọ́ nípa orílẹ̀-èdè kan lókè òkun tí omíyalé ti gbá abúlé lọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọdé sì wà nílé ìtọ́jú láìní òbí.

"Òkè òkun kẹ̀!" ni ìyá Káfíńtà pariwo. "Ọmọ tí ò gbédè wa? Tí mo bá bú u, báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ má bú u, Màmá," Nọ́ọ̀sì fèsì. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín sí i."

"Ẹ̀rín wo ló kù lẹ́nu mi?"

Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ kò tíì tó ọmọ iléèwé. Ó rí pẹ́ńpẹ́, ojú rẹ̀ tóbi, kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé e lé itan, ó wò ó títí, ó sì sùn lọ láyà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ mí dáadáa kí ó má bàa jí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀ tó wà níta lójú fèrèsé. Káfíńtà rẹ́rìn-ín padà, ṣùgbọ́n ó yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé.

Ọmọ náà kò yọ ẹnì kankan lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló sì ń kó ìdààmú bá Nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á gbé e lọ sí ojú fèrèsé, á jẹ ẹ́ ní ìdúró, á máa wo títì. Bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́, á dúró bí igi. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé tí Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún un, á sọ̀kalẹ̀, á lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì ń da tíì sínú ife nígbà tí ọmọ náà la ẹnu.

"Mèmé," ó ní.

Ife bọ́. Nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ wo ilẹ̀.

"Kí lo pè mí? Tún un pè!"

"Mèmé."

Inú Nọ́ọ̀sì dùn débi pé ó ń jó láàárín àfọ́kù ife. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó pe mátírọ́ọ̀nù, ó pe ìyá ọkọ rẹ̀. "Ó ti pè mí ní màmá! Lédè tiwọn, Mèmé ni wọ́n ń pe màmá!"

"Mèmé?" ìyá Káfíńtà ní. "Ṣé ewúrẹ́ ló fi ẹ́ pè ni?" Ṣùgbọ́n ohùn ìyá náà ti rọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Mèmé ni Nọ́ọ̀sì ń pe ara rẹ̀. "Mèmé dé o. Wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ Mèmé." Ohun tí kò yé e ni pé, bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣe ni ojú ọmọ náà máa ń yí padà. Á wo ẹ̀yìn Nọ́ọ̀sì bíi pé ẹnì kan ló ń wọlé bọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lọ́jọ́ kan tó ń ké "Mèmé, Mèmé" lójú fèrèsé, Nọ́ọ̀sì gbá a mọ́ra, ó ní, "Èmi rèé, Mèmé wà níbí." Ọmọ náà bù ú jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

"Ó kórìíra mi," Nọ́ọ̀sì sọ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń di ojú ọgbẹ́ náà. "Á máa pè mí, á sì tún máa sá fún mi. Kí ni mo ṣe fún un?"

"O ò ṣe nǹkan kan," Káfíńtà dáhùn. Kò wo ojú rẹ̀. "Ó máa tó mọ́ra."

Dókítà eyín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn nígbà náà, obìnrin tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí Kékeré ti wá. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kí ọmọ náà. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Gbólóhùn kan péré ló sọ, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu Kékeré bí omi ẹ̀rọ tó já. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí títì, ó ń fọwọ́ wọn gíga ẹnì kan lókè orí ara rẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu dókítà náà.

"Ẹ máa bínú o," ó ní. "Mèmé kì í ṣe màmá. Ohun tá a máa ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló pọn òun kúrò nínú omi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ fún òun pé kí òun máa lọ, pé Mèmé ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń bi yín pé ìgbà wo ló máa dé."

Nọ́ọ̀sì jókòó gbì.

"Wọ́n sọ fún wa pé kò ní ẹnì kankan láyé."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, kí ẹnu lè jọ yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí ẹnu ń yà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Dókítà náà rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó mú Kékeré lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jáde lọ sí iwájú ilé.

"O mọ̀," Nọ́ọ̀sì ní.

"Adúmáradán..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. O mọ̀."

Káfíńtà jẹ́wọ́. Ìgbà tí ọmọ náà ń sùn láyà ìyàwó rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀gá ilé ìtọ́jú pè é sí ìta, tó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n kan wà, ọmọ tó ti ń bàlágà. Bí wọ́n bá fẹ́ mú àwọn méjèèjì, wọ́n ní láti padà sílé lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n lọ tún gbogbo ètò náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá náà kò tiẹ̀ lè sọ pé ó dájú.

"Mo wò ẹ́ láti ojú fèrèsé," Káfíńtà ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn lójú ẹ. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ."

"O wá jẹ́ kí n máa fi orúkọ ẹlòmíì jó," Nọ́ọ̀sì ní. "Ọmọ ń ké pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, èmi ń dáhùn, ìwọ ń gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì kó aṣọ ìbora rẹ̀ lọ sí yàrá ọmọ. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà, kò pariwo. "Ẹ" ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kí i. "Ẹ káàárọ̀, sà." "Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì, sà." Káfíńtà ì bá fẹ́ kó gbá òun létí ju kó máa pe òun ní sà lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, pákó tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó lé wà lófìfo.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ máa bọ̀ nílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ. Ìyá náà jókòó sí pálọ̀, ó ní kí wọ́n rò ó fún òun látòkèdélẹ̀. Nígbà tí wọ́n rò ó tán, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ! Mo ní mi ò fẹ́ ọmọ òkè òkun. Ṣé mo ní kó o lọ ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni? Ẹ lọ mú un wá."

"Màmá, yàrá ò sí."

"Ṣebí káfíńtà ni ẹ́? Lọ kan bẹ́ẹ̀dì."

Ètò náà gba ọdún kan ó lé. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń wá ọmọ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ̀. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, kò ní sọ̀rọ̀. Kékeré á di fóònù mú, á máa pe Mèmé, á máa ròyìn ilé fún un ní èdè méjèèjì pa pọ̀. Wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan lódì kejì, àfi èémí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n mú Kékeré dání, wọ́n tún gbéra.

Nínú yàrá àlejò ilé ìtọ́jú náà, ọmọ gíga kan tí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kékeré sáré lọ bá a. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bíi pé ẹ̀rù ń bà á. Lẹ́yìn náà ló gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó ki imú bọ ọrùn rẹ̀. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Dókítà eyín wà lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, òun ló ń túmọ̀.

"Ó ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Ó ní ẹ lè máa lọ."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa yàrá, nípa iléèwé, nípa ìyá àgbà tó ń retí wọn. Ọmọ náà kò wò ó.

Káfíńtà ló dìde. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ.

"Wọ́n sọ fún mi pé o wà," ó ní. "Mo gbọ́, mo sì fi ẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀. Èmi nìkan ni. Mo bẹ̀ ẹ́."

Dókítà náà túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wo ọkùnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó ń bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ó ní òun ì bá má mọ̀."

"Kó má bàa jẹ́ pé inú irọ́ ni mo mú un lọ."

Ọmọ náà fọwọ́ pa orí àbúrò rẹ̀, ó tún pa á. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi òun sílẹ̀," ni dókítà náà túmọ̀. "Ó ní kò tíì sí ẹni tó padà wá." Dókítà náà nu imú rẹ̀. "Ó tún ní òun ò ní pe ẹnì kankan ní màmá."

"Kó má pè mí ní nǹkan kan," Nọ́ọ̀sì ní. "Kó ṣáà máa bọ̀."

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ọmọ méjèèjì sùn lọ. Orí Kékeré wà láyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn ẹ̀gbọ́n sì nà sórí itan Nọ́ọ̀sì. Káfíńtà jókòó sí òdì kejì ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán," Nọ́ọ̀sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti yí ìjókòó padà, kò ṣeé ṣe. "Itan mi ti kú. Wá bá mi gba ẹsẹ̀ ọmọ yìí."

Káfíńtà dìde wá, ó rọra fún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ níbi tí kò gba ẹni méjì, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé itan tirẹ̀. Ọmọ náà la ojú kan. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo obìnrin náà, ó sì tún ojú náà dì.