Ihò Tí Wọ́n Ń Dí Nítorí Oníbàárà

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dídán. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, ṣùgbọ́n kì í kan àga, kì í kan tábìlì. Bọ́ọ̀sì tó ti gbó ni wọ́n ń gbé wá fún un. Yóò tú gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ dànù, yóò kan bẹ́ẹ̀dì sí i, yóò gbé sítóòfù gáàsì sí i, títí yóò fi di ilé tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀ níbikíbi tó bá wù ú. Ọkọ̀-ilé ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ń dán lóòótọ́, ìgbéraga rẹ̀ sì pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. A máa sọ pé, "Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣe é jù báyìí lọ, ẹ wá gé mi lọ́wọ́." Ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde síwájú, Dídán á bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń bọ̀.

Ní òpópónà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀-ilé, àṣà kan wà tí wọn kì í sọ fún oníbàárà. Ihò kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, nídìí sìlíńdà gáàsì, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń lọ, ihò yẹn ni yóò sì gbà jáde. Ṣùgbọ́n ihò náà ń mú òtútù wọlé, oníbàárà kì í sì í fẹ́ ọkọ̀ tó tutù. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ń bọ̀ wá wo ọkọ̀, wọ́n á fi páànù pélébé dí i. Bí ọkọ̀ bá tà, wọ́n á tú u.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dí tirẹ̀. Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun àti Dídán jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í tètè tà.

Dídán ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló mú un lọ síbi iṣẹ́ tó kọ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì fẹ́ ra ọkọ̀-ilé kan, kí wọ́n máa fi rìn kiri kí eegun tó le.

Tísà kì í ra ọjà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ kan wé èkejì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní kí ìyàwó òun ti ilẹ̀kùn, á sì dákẹ́ lọ bí ilẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ sùn mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́ ni?" ìyàwó rẹ̀ á bi í.

Níkẹyìn, ó ku ọkọ̀ méjì, ti Farabalẹ̀ àti ti Dídán. Ti Farabalẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ sí Tísà lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ti Dídán móoru dáadáa.

"Àbúrò," ni Tísà wí, "ihò gáàsì ńkọ́? Mo rí i nínú ti Farabalẹ̀, mi ò rí i níbí."

"Ó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, Ẹ̀gbọ́n. Àbí ẹ rò pé èmi ni mo máa pa yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ihò wà níbẹ̀ lóòótọ́, páànù sì wà lórí rẹ̀. Dídán sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò tú u lọ́la, kí wọ́n tó wá gbé ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀la dé, oníbàárà mìíràn wọlé, Dídán bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún un, ó sì gbàgbé. Tísà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú páànù náà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wà létí adágún kan. Rọ́bà gáàsì ń jò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀finkìn ń ṣe àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn. Láàárọ̀, ìyàwó lọ pọn omi. Ọkọ fẹ́ se tíì dè é. Ó ṣáná.

Korobá omi ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà nígbà tí iná bú jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni Tísà lò ní ọsibítù kó tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, opó náà pe àbúrò rẹ̀ sí yàrá. "Ìwọ lo mọ ọkọ̀ náà. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Dídán wolẹ̀. "Àǹtí, bóyá wọ́n gbàgbé láti ti gáàsì ni."

Ẹ wo ẹnu tó sọ bẹ́ẹ̀! Ẹnu tí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ó pa ọkùnrin náà tán, ó tún di ẹ̀bi ikú rẹ̀ rù ú.

Láti ọjọ́ náà ni opó yìí ti kórìíra ọkọ rẹ̀. Ó já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, á ní, "Ọkùnrin tó fi oṣù mẹ́ta yẹ ọkọ̀ wò, kò lè yẹ gáàsì wò! Nítorí ife tíì kan, ó fi mí sílẹ̀." Dídán á gbọ́, á sì dìde lọ síbi iṣẹ́.

Oṣù méje kọjá. Àwọn tó ń ta irin àlòkù gbé ọkọ̀ tó jóná náà wá fún Farabalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Dídán, ó gbé páànù dúdú kan kalẹ̀.

"Mo bá èyí lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀."

"Kí lo wá gbà? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra tèmi ni ìlara ti ń pa ọ́."

"Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ bà ọ́ jẹ́ ni, ọlọ́pàá ni mi ò bá gbé e fún. Gbọ́ mi, Dídán. Èmi náà ti dí ihò rí, kí Jésù tó gbà mí. Pé kò sẹ́ni tó kú nínú tèmi, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe mi. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà la dá. Irú wa ni Jésù kú fún. Lọ bá a."

"Jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi!"

Farabalẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Dídán ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó bá a níbi tó ti ń kó ẹrù òkú dànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ìwé kékeré kan sí i. "Bá mi sọ ọ́ síná. Gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, kò gbà á là."

Dídán ṣí i. Níbi tí Tísà ti kọ nípa ọkọ̀ Farabalẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Ó tutù. Ihò gáàsì wà. Nípa ti Dídán, ó kọ ọ́ pé: Ó móoru. Mi ò rí ihò. Àbúrò ìyàwó mi ní ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó mi.

Kò mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Farabalẹ̀. Ó wólẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó. "Mo pa á. Ṣé Jésù rẹ lè gba apànìyàn?"

"Irú rẹ ló wá wá."

"Olúwa," ni Dídán ké, "mo purọ́, mo pànìyàn, mo tún purọ́ mọ́ òkú. Mi ò ní àwíjàre kankan. Gbà mí nítorí ẹ̀jẹ̀ tó o ta sílẹ̀."

Kò dìde pẹ̀lú orin. Ṣùgbọ́n ẹrù ọrùn rẹ̀ ti sọ̀, ó mọ̀ ọ́n lára. Farabalẹ̀ ní, "Ọlọ́run ti gbọ́. Ó ku Àǹtí rẹ."

Ó padà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sunkún, kò sì pariwo.

"Nítorí náà, kì í ṣe òun ló pa ara rẹ̀."

"Kì í ṣe àwọn, Àǹtí. Èmi ni."

Ó dìde, ó lọ fa àwòrán ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ún. Ó ní, "Ẹ má bínú. Oṣù méje ni mo fi ń bú yín." Kò yíjú padà nígbà tó bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìwọ, jáde. Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ nílé yìí mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Dídán lọ fi ara rẹ̀ hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọdún méjì ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Ọ̀dọ̀ Farabalẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì ṣílẹ̀kùn fún un, Tísà kò sì jí. Mi ò ní fi oyin sí ọ lẹ́nu: ìdáríjì kì í jí òkú.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá o kò kan ọkọ̀ rí láyé rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, o sì mọ ohun tó o fi pa mọ́ fún un. O ní wàá tún un ṣe. Ìgbà wo? Ìwọ tí ìwé kékeré yìí wà lọ́wọ́ rẹ lè má rí ìrọ̀lẹ́ òní, ẹni tó o sì ṣẹ̀ lè má rí i.

Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Sọ fún Jésù bó ṣe rí gan-an, má yọ ọ̀kan kúrò. Kì í lé irú wa dànù. Bó o bá sì ti dìde, lọ bá ẹni yẹn. Ó lè máà ṣílẹ̀kùn fún ọ. Lọ lónìí.