Ẹ̀ka Mẹ́ta Tí Kò Ní Ihò

Nígbà tí Burgi dé ibi kẹsàn-án, apá rẹ̀ méjèèjì ti le bí igi. Ó gbé irin ìlu lé orí yìnyín, ó fi àyà tẹ̀ ẹ́, ó sì ń yí i títí omi dúdú fi ru sókè láti inú ihò. Ó ti igi ìwọ̀n bọ̀ ọ́. Ìka mẹ́sàn-án. Ó dára. Ó ki ẹ̀ka páìnì bọ inú ihò náà kí omi lè dì mọ́ ọn, ó sì so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí.

Ó ku mẹ́ta.

Bí wọ́n ti ń ṣe é lórí adágún wọn nìyẹn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ibi méjìlá ni wọ́n ń dá lu, láti abúlé Tannwies dé abúlé Oberwand ní òdìkejì, kí àwọn ènìyàn tó lè fi ẹsẹ̀ gba orí yìnyín kọjá. Aṣọ funfun ni ti Ọjọ́rú, pupa ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá rí aṣọ náà lórí ẹ̀ka mọ̀ pé ẹnì kan ti dá ibẹ̀ lu, ó wọn yìnyín rẹ̀, ó sì rí i pé ó tó ìka méje, tó lè gba ènìyàn dúró.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Korbinian, bàbá Burgi, fi ṣe iṣẹ́ náà. Yìnyín kò gbé e ṣubú rí. Àfi ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésìmesì, tí ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, tí egungun itan rẹ̀ sì kán. Láti ọjọ́ náà ni irin ìlu ti bọ́ sọ́wọ́ Burgi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Yóò kó ìrì dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, yóò wẹ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, yóò gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ìtòsí rẹ̀ torí pé ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni ìyá rẹ̀ ń lọ kí ojú tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé. Bí ó bá dé, iṣẹ́ mìíràn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí orí rẹ̀ kò ti kan ìrọ̀rí fún wákàtí méje gbáko. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò ilé ìwé nọ́ọ̀sì.

"Burgi! Ṣé yìnyín lò ń lu ni àbí kànga lò ń gbẹ́?"

Traudl ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ lórí bàtà onírin, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ọṣẹ.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ó ku mẹ́ta."

"Mẹ́ta wo? Àǹtí Roswitha ti dé ilé wa láti ìlú, ó ti ń ṣàlàyé ìṣirò fún wa láti aago kan. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ló ń bá lọ. Aago mélòó ni báyìí?"

Burgi wo aago. Ó ti kọjá aago mẹ́ta pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kéré tán, ihò mẹ́ta yóò gba ogójì ìṣẹ́jú lọ́wọ́ apá tó ti kú yìí.

"Ẹnu odò ni mẹ́ta yìí wà, omi ń ṣàn lábẹ́ yìnyín níbẹ̀. Bàbá mi ní kì í ṣe ibi eré."

"Bàbá rẹ! Ó ti lé lóṣù kan tí òtútù ti ń pa wá, o ní yìnyín lè fẹ́lẹ́? Ki ẹ̀ka bọ inú ìrì dídì, so aṣọ mọ́ ọn, ó parí. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wá ihò wò nídìí ẹ̀ka? Ìwọ ìyá oníyìnyín, o fẹ́ fìdí rẹmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè nítorí ihò?"

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ láti ìhà gúúsù. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Burgi mọ̀ ọ́n. Etí rẹ̀ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ketekete: *Bí afẹ́fẹ́ gúúsù bá ti fẹ́, má gbẹ́kẹ̀ lé yìnyín àná.* Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́ jókòó sórí yìnyín kí ó sunkún. Ó kó ẹ̀ka mẹ́ta tó ṣẹ́kù, ó rìn lọ sí ẹnu odò, ó ṣù ìrì dídì mọ́ ìdí wọn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Traudl sì bá a so aṣọ. Kò gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tó délé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Àǹtí Roswitha, bàbá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó fi ọ̀pá gbé ara dúró.

"Mo ka aṣọ pupa, ó pé méjìlá," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Burgi kò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Ẹnu odò ńkọ́?"

"Ìka mẹ́jọ, Bàbá."

"O káre, ọmọ mi. Lọ sùn."

Ó lọ sùn. Ó sì sùn dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ni kò lè dárí ìyẹn ji ara rẹ̀ nígbà tó yá.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo ta láti orí adágún. Màmá Zenzi ni, opó tó ń ṣe búrẹ́dì ní Oberwand, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wọ́ búrẹ́dì lórí ọmọlanke onípákó tí kò ní táyà, tó ń fi okùn fà á gba orí yìnyín wá fún àwọn arúgbó Tannwies. Ní ibi kọkànlá, yìnyín là lábẹ́ rẹ̀. Omi gbà á dé àyà. Okùn ọmọlanke tó wé mọ́ apá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ.

Burgi wà lára àwọn tó gbé àkàbà sáré. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí yìnyín, ọkùnrin méjì dọ̀bálẹ̀ lé e, wọ́n fa ìyá àgbà náà jáde. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Búrẹ́dì ń léfòó kiri inú ihò. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ̀ka páìnì kan nà gbalaja. Ìdí rẹ̀ gbẹ, kò sí omi dídì kankan lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà gbé e, ó yí i wò, ó yíjú sí Burgi. Burgi ì bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìṣirò tí Àǹtí Roswitha kọ́ wọn jáde, ó sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ará abúlé méjèèjì pé sí gbọ̀ngàn. Alága ìlú gbé ẹ̀ka náà sórí tábìlì. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Korbinian ti fi ọ̀pá dìde.

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún ọmọ náà pé kó fo ẹnu odò. Mo rò pé òtútù ti tó."

Burgi wo bàbá rẹ̀, ẹni tí kò fo ihò kan rí fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń purọ́ mọ́ ara rẹ̀ nítorí òun. Traudl di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ àga. "Jókòó," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti gbà á."

Burgi já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Irọ́ ni Bàbá mi ń pa," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Wọ́n ní kí n dá a lu. Mi ò dá a lu. Mo ki ẹ̀ka bọ inú ìrì dídì lásán, ibi mẹ́ta. Mo délé, mo ní ìka mẹ́jọ ni."

Wọ́n ti ọ̀nà orí yìnyín pa títí ìgbà òtútù náà fi parí. Wọ́n gba irin ìlu lọ́wọ́ ilé wọn. Korbinian fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kó tó fà á lé alága lọ́wọ́.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé, ọ̀pá rẹ̀ ń dún kó, kó, kó lójú ọ̀nà. Korbinian dúró, ó yíjú sí Burgi.

"Kí ló dé tí o kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹ̀ka?"

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́. Èmi náà, ó máa ń rẹ̀ mí. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí o bá fi ibi mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo, olúwarẹ̀ tó bá rí i á padà sílé, á gba etí adágún. Ẹ̀ka tí kò sí kò pa ẹnikẹ́ni rí."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Màmá Zenzi lò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Nígbà tí Burgi lọ kí i, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́," ni ìyá àgbà náà wí, "ṣùgbọ́n mo rí aṣọ pupa. Mo ní, ọmọ Korbinian ti kọjá níbí, ọkàn mi balẹ̀."

Burgi bú sẹ́kún.

"Má da omi sí mi lẹ́sẹ̀ o. Mẹ́jọ péré ló kù, omi ò gbọdọ̀ tún kàn wọ́n." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àwọn arúgbó Tannwies ṣì ń jẹun, àbí? Ọmọbìnrin mi ń ṣe búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tí yóò gbé e."

Bẹ́ẹ̀ ni Burgi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí adágún lọ́jọọjọ́ Àìkú, kìlómítà mẹ́sàn-án ní àlọ, mẹ́sàn-án ní àbọ̀, agbọ̀n bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn Traudl á bá a lọ dé ìdajì ọ̀nà, á sì padà. Ìrì dídì á gbà á dé orúnkún. Okùn agbọ̀n á jẹ ẹ́ ní èjìká. Lẹ́tà dé pé ó yege ìdánwò. Ìyá rẹ̀ kà á, ó fi sórí tábìlì, wọ́n sì jẹ ọ̀dùnkún wọn.

Ní ìparí oṣù kẹta, ó dúró lókè ẹnu odò láti sinmi. Yìnyín ti ń fọ́. Láti ibẹ̀ ó rí ẹ̀ka mẹ́sàn-án tó ṣì nàró láàárín adágún, tí omi ti dì mọ́ wọn nídìí. Ọ̀kan ti wà lórí tábìlì alága. Méjì yòókù ń yípo lórí omi, aṣọ pupa ṣì wà lára wọn, ó ń tàn yanran bí òótọ́.

Láti ìdí ni a ti ń gun igi. Ẹni tí ó bá rẹ̀, kí ó sọ pé ó rẹ òun, kí ó fi iṣẹ́ tí kò ṣe sílẹ̀ ní gbangba kí gbogbo ayé rí i. Kí ó má ṣe so aṣọ mọ́ ọn, nítorí ẹlòmíràn ni yóò gbé ẹsẹ̀ lé e.

Burgi gbé agbọ̀n rẹ̀. Ó ku kìlómítà mẹ́rin.