Ìgò Kíkorò Bàbá Démi

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: ẹni tó bá ń pe ọtí ní oògùn, ọtí ló ń mu.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá, tí gbogbo ilé wọn ní àdúgbò Williamsbridge lókè òkun ń pè ní Bàbá Démi, kò gbà bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó sì ń lo oògùn dókítà. Ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: egbò igi tó korò bí ewúro, tó rẹ sínú ọtí jíìnì, tó ń mu láràárọ̀ kó tó jẹun. Àlàyé rẹ̀ kò gùn. Ṣúgà dùn, egbò korò. Kíkorò a máa lé dídùn.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ni. Ní ibùdó tírénì Gun Hill Road, kì í wo ẹlifétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Àtẹ̀gùn ló ń gùn, á dúró lókè, á máa wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn.

Àmọ́ láìpẹ́ yìí, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó ṣí fèrèsé, ó tún tì í. Ó ní ooru ń mú òun, Mercy ìyàwó rẹ̀ sì wọ súwẹ́tà. Ọkàn rẹ̀ á fò pìrì, á dúró, á tún fò. Ó pa á mọ́ra. Àtẹ̀gùn Gun Hill ló tú àṣírí: ó dúró láàárín, ó di irin mú, ó ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù. Mercy tó wà lẹ́yìn rí i pé fóònù náà ò tàn.

Kò bá a jiyàn. Ó lọ pe Sàrátù, apòògùn tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn. Sàrátù wo ìgò, ó wo oògùn dókítà, ó ní kí wọ́n pe dókítà lónìí yìí.

“Àlàájà,” ni Bàbá Démi wí fún Sàrátù, ó ń rìn yí tábìlì ká, “ìwọ tí ẹnu rẹ ò kan ọtí rí, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?”

“Òótọ́ ni sà, mi ò tọ́ ọ wò rí. Àwọn tó ń tọ́ ọ wò ni mo ń fún ní oògùn ọkàn.”

Mercy fọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣùgbọ́n ṣúgà mi ń wálẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ò purọ́.”

“Ó ń wálẹ̀ sà. Bí ẹ ò bá tíì jẹun, ẹ̀dọ̀ yín ló ń tú ṣúgà sẹ́jẹ̀. Ọtí kì í jẹ́ kó ráyè ṣe é. Pẹ̀lú oògùn tí ẹ ń lò, ó lè wálẹ̀ débi tí ẹ máa dákú, àwọn èèyàn á ní ẹ yó ni. Àtọ̀gbẹ ti ń ni ọkàn lára tẹ́lẹ̀. Ọtí á tún mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, á da lílù ọkàn rú, á sọ iṣan rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Kíkorò yẹn, ahọ́n nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kì í tọ́ nǹkan wò.”

Bàbá Démi jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má fi ọtí ṣe oògùn, ìbáà korò, ìbáà dùn. Ẹ má mu ún láìjẹun. Ẹ sọ iye tí ẹ ń mu fún dókítà yín, ẹ má bù ú kù. Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, kó má ṣàdédé dá a dúró láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ò já gaara, ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Bàbá Démi ti bá dókítà sọ̀rọ̀, ó sì ti da ìgò nù. Ó ń sọ fún àwọn ọkùnrin ìjọ pé òun fúnra òun lòun ṣàwárí ewu rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Ní Gun Hill Road, ẹlifétọ̀ ló ń gbé e gòkè.